Ọjọ́ Tí Ológìnní Bì Sínú Báàgì Ìyá Ẹgbẹ́

Nígbà tí ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ wá bẹ̀ wá wò ní Abidjan, Williamsville là ń gbé, nínú àgbàlá kan tí gbogbo ayálégbé ti ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ọkọ mi ń ránṣọ ní Adjamé. Èmi ń ta òwú, bọ́tìnnì, sípù àti rọ́bà ìdí ṣòkòtò ní ọjà ńlá Treichville. Ọjà tí inú ìsọ̀ mi kò bá gbà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ló ń wà, àwọn eku sì ti mọ ibẹ̀. Wọ́n ń jẹ rọ́bà, wọ́n ń jẹ páálí, èyí tó wá dùn mí jù ni pé wọ́n fa òwú pupa mi tú, wọ́n fi tẹ́ ibùsùn fún àwọn ọmọ wọn. Ọjọ́ tí mo rí ibùsùn yẹn ni mo lọ tọrọ ológìnní lọ́wọ́ obìnrin ará Kútọnu tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa.

Akọ ni ológìnní náà, aláwọ̀ eérú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ojú tíṣà tó ń dúró kí ẹni tó pariwo ní kíláàsì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkọ mi, tí kò fẹ́ràn ológìnní rárá, ní kò burú, kó ṣáà má gun orí ìrọ̀rí òun.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà tí ìyá ọkọ mi fi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tó fi rí ológìnní lórí àpótí.

"Ìyàwó, kí ni nǹkan yìí ń wá nínú ilé ọmọ mi?"

"Eku ló ń bá wa pa, mà."

"Pàkúté la fi ń pa eku lọ́dọ̀ tiwa. Pàkúté kì í sì í jókòó kó máa wo èèyàn lójú."

Láti ọjọ́ náà, "nǹkan yẹn" ló ń pè é. Bí a bá ń jẹun, á ní, "Ẹ lé nǹkan yẹn sẹ́yìn." Bí ó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, á bọ́ sálúbàtà kan, á fi jù ú. Sálúbàtà náà kì í bà á. Èmi rò pé ọjọ́ orí ni kò jẹ́ kó mọ nǹkan jù mọ́.

Ní àárọ̀, gbogbo wa á jáde. Ọkọ mi á gba Adjamé lọ, èmi á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Treichville, àwọn ọmọ wa méjèèjì á lọ sílé ìwé, á wá ku ìyá ọkọ mi nínú ilé. Bí a bá dé nírọ̀lẹ́, a máa ń bi í bóyá àárẹ̀ mú un, á ní kí lòun ṣe tí yóò fi rẹ òun. Nígbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí pé ológìnní ń sanra. Ikùn rẹ̀ ti yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Inú mi dùn. Mo ń wí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jà pé eku Williamsville ti wọ gàù. Ohun kan péré ló ń rú mi lójú: rọ́bà mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ológìnní ń sanra, eku náà ń sanra. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣírò ìyẹn.

Ní Sátidé kan, ó kan ilé wa láti gba ìpàdé Ẹgbẹ́ Obìnrin ìjọ wa lálejò. Mo ti nu ilẹ̀, mo ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì oníke tuntun, mo ti yá àga lọ́wọ́ ará ilé. Àwọn obìnrin dé pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, Ìyá Ẹgbẹ́ wa sì jókòó sórí àga tó ní ìrọ̀rí. Èèyàn ńlá ni Ìyá Ẹgbẹ́. Ó ń ta aṣọ ní Adjamé, ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lè dé òdìkejì ọ̀sà bí ó bá fẹ́. Lọ́jọ́ náà ó gbé báàgì aláwọ dúdú kan dání, èyí tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Paris. Gbogbo wa ló fi hàn. Ó yọ awò ojú rẹ̀ jáde nínú rẹ̀, ó gbé báàgì náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó fi ẹnu báàgì sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó ní kí a dìde fún àdúrà ìbẹ̀rẹ̀.

Àdúrà Ìyá Ẹgbẹ́ kì í kéré. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Abidjan, ó gba Bouaké, ó kí gbogbo àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti wá ń padà bọ̀ wá sórí ẹ̀ṣẹ̀ wa.

"Olúwa, ohun àìmọ́ tó wà nínú wa, jẹ́ kó jáde!"

"Àmín!"

"Má ṣe jẹ́ kó fara pamọ́ sí wa nínú! Kó jáde!"

"Àmín!"

"Hu-ùk," ni ohùn kan wí nísàlẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé níyàwó. Mo gbọ́ tí obìnrin tó dúró tì mí sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ yin Olúwa, ó ti lóyún."

"Hu-ùk. Hu-ùk. Hẹ̀ẹ̀ẹ́k."

Ojú kan ni mo là. Ìyàwó tuntun náà dúró ṣinṣin, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ìyá Ẹgbẹ́, ìdajì ara ológìnní wa ló wà níta, ìdajì kejì wà nínú báàgì Paris. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń rú sókè, ó ń rọ̀ wálẹ̀, bí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fa omi. Kí n tó gbá a mú, ó ti bì. Bí ó ti ń bì níwájú, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ tú, ó sì da ìgbẹ́ gbuuru sórí kápẹ́ẹ̀tì tuntun.

Òórùn ló la ojú àwọn yòókù. Ìyá Ẹgbẹ́ nìkan ni kò là tirẹ̀. Ó parí àdúrà dé "ní orúkọ Jésù," ó dáhùn àmín fúnra rẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó dá a lóhùn, ó wá wo ilẹ̀.

"Ta ló ni ológìnní yìí?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ń wá ohun tí mo máa sọ ni mo rí ìyá ọkọ mi tó ti àárín èrò bọ́ síwájú. Mo ní ó parí, sálúbàtà ló fẹ́ yọ. Kò yọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ológìnní mọ́ àyà, pẹ̀lú bí ara rẹ̀ ti rí yẹn, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ta ló fẹ́ pa mí lẹ́kún?"

Òun náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Mo kàn ní kí n gbé nǹkan yẹn kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì ni," ló wí.

Ìpàdé ti tú ká nìyẹn. Olúkúlùkù ń sọ egbòogi tirẹ̀. Ẹnì kan ní wọ́n ti fún un ní májèlé, kí a fún un ní epo pupa. Ẹlòmíràn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni, bí wọ́n ṣe kọ́ wa fún àwọn ọmọdé. Epo pupa ló borí. Mo di orí rẹ̀ mú, ìyàwó tuntun di ẹsẹ̀ mú, ẹnì kan da ṣíbí epo kan sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì. Ó wò wá yíká, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló gbọn orí, epo náà sì bá gbogbo aṣọ funfun tó wà nítòsí. Ti orí aṣọ tèmi kò tíì ṣí títí dòní.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Ìyá ọkọ mi gba ológìnní rẹ̀ padà. "Ìyàwó, ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún mi pé dókítà kan wà tí àwọn òyìnbó Biétry máa ń gbé ajá wọn lọ bá?"

"Èmi ni, mà."

"Gbé bàtà rẹ wọ̀."

Mo wo Ìyá Ẹgbẹ́. Àwọn méjì ti ń gbọn báàgì rẹ̀ síta lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó fi ìka méjì mú ìwé orin rẹ̀ tó ti rin. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ máa gbé e lọ kó tó kú sí wa lọ́wọ́," ó ní. "Báàgì kì í kú."

A rí takisí kan lójú títì. Ìyá ọkọ mi ti fi ìborùn wé ológìnní láti orí dé ìrù, ó gbé e sí itan, ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀. Ológìnní ń ké. Ẹni tí kò bá rí i, yóò búra pé ọmọ oṣù mẹ́ta ni. Ọmọ ẹ̀yà Jula ni awakọ̀ náà, ó wò wá nínú dígí.

"La mère, ìyá wa, kí ló ń ṣe ọmọ?" ó bi wá ní Faransé.

Ìyá ọkọ mi kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n ń báni kẹ́dùn. Ó fọwọ́ pa ikùn ara rẹ̀, ó fọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń bì. Awakọ̀ náà pòṣé.

"Ìgbẹ́ gbuuru náà ń bẹ níbẹ̀?"

"Ó ń bẹ," ni mo wí. Òótọ́ sì ni.

Ó ní kí a má bẹ̀rù, pé èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó tẹ fèrè ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ mọ́. A la Adjamé kọjá bí ẹni tó gbé mínísítà. Lórí afárá, ó yọ orí síta, ó ń pariwo sí àwọn ọlọ́kọ̀ pé ọmọ aláìsàn ló wà lẹ́yìn òun, ẹ yà, ẹ yà! Wọ́n ń yà. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ kejì ṣàmì àgbélébùú sí wa. Ìtìjú ń pa mí, mi ò sì mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Nígbà tí a dé Treichville, ó fẹ́ yà sí ilé ìwòsàn. Mo ní rárá, Biétry là ń lọ.

"Biétry?" Ó wò wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ lówó o."

Ibẹ̀ ni ìrù ti yọ. Ó kọ́kọ́ yọ jáde lábẹ́ ìborùn, ó dúró gbọnrangandan, ó wá ń fì sọ́tùn-ún sósì. Awakọ̀ náà wo dígí. Ó wo iwájú. Ó tún wo dígí. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí fèrè.

"Màdáàmù," ó ní níkẹyìn, "ìrù ni mo rí yẹn?"

"Ìrù ni, ẹ jọ̀ọ́. Ológìnní ni."

Mo rò pé yóò já wa sílẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń ṣe ségesège. Mo ní ó tó, kó dín eré kù, kó sì jẹ́ kí fèrè sinmi.

"Kò ṣeé ṣe mọ́," ó ní. "Pẹ̀lú gbogbo ariwo tí mo ti pa láti orí afárá, bí mo bá dákẹ́ báyìí, wọ́n á rò pé ọmọ náà ti kú."

Bí a ṣe wọ Biétry nìyẹn, àárín àwọn ilé olódòdó etí ọ̀sà, tàwa ti fèrè.

Nínú iyàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, obìnrin òyìnbó kan jókòó pẹ̀lú ajá kan tí wọ́n gẹ irun rẹ̀ ní bọ́ńbọ́ bọ́ńbọ́, tí wọ́n fi ti ọrùn sílẹ̀. Ó kí wa, a kí i. Ìyá ọkọ mi tẹ orí sí mi létí.

"Ta ló gẹ irun ajá yẹn?"

"Wọ́n ní ilé tí wọ́n ti ń gẹ̀ ẹ́ ni, mà."

"Wọn ò tíì parí."

Dókítà náà jẹ́ ọmọbìnrin ará ìlú náà, kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ lójú mi, oníwà pẹ̀lẹ́. Ó gbé ológìnní sórí tábìlì, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó wo eyín rẹ̀, ó yà á lẹ́nu díẹ̀ pé epo pupa wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó bi mí ní Faransé pé kí ló ń jẹ.

"Eku, dókítà," mo dáhùn pẹ̀lú ìgboyà. "Eku nìkan."

"Kí ló bèèrè?" ni ìyá ọkọ mi wí.

"Ó bèèrè ohun tí ológìnní ń jẹ, mà. Mo ti sọ fún un pé eku ni."

Ìyá ọkọ mi wo àwòrán ẹṣin tó wà lára ògiri.

"Sọ fún un pé… àti mílíìkì díẹ̀."

"Mílíìkì?"

"Ti inú agolo. Díẹ̀."

Mo sọ fún dókítà. Ó bèèrè pé báwo ni díẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Mo yí i sí Yorùbá.

"Ìlàjì agolo," ni ìyá ọkọ mi wí. "Láàárọ̀. Ìlàjì tó kù, ó máa ń mu ún lọ́sàn-án. Mi ò fẹ́ kó bàjẹ́."

Dókítà ń retí. Mo sọ ọ́. Ó bèèrè bóyá ó tún kù.

"Sàdíìnì," ìyá ọkọ mi wí, ohùn rẹ̀ ti ń kéré sí i.

Mo yí padà wò ó. Láti ìgbà tí sàdíìnì ti ń dín nínú àpótí oúnjẹ wa, ọkọ mi ni mo ti ń fura sí. A ti bá ara wa jà lórí rẹ̀. Ó ti búra fún mi.

"Ìyá!"

"Kò ju ẹja kan kan lọ. Àti òróró rẹ̀. Àti lánàá, garba tí ẹ̀yin náà jẹ kù."

Garba ni atiẹkẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, pẹ̀lú ẹja díndín, tí wọ́n máa ń da òróró gbígbóná lé, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata tútù tó ń mú omi jáde lójú àgbà.

"Ìyá, ata wà nínú ẹ̀! Ẹ fún ológìnní ní ata?"

"Mo ṣà á kúrò. Mo ṣa èyí tí mo rí. Ó ní òun fẹ́."

"Ó ní?"

"Ó wò mí."

Dókítà bi mí pé kí ni màmá ń sọ láti ìgbà yẹn. Mo ní, "Ó jẹ garba." Ó gbé ojú kúrò lára wa, ó lọ dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù oògùn rẹ̀, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti tòrò. Ó fa abẹ́rẹ́ kan. Ìyá ọkọ mi kọjú sí ògiri, ó ń wí pé, "Ẹ rọra o, ẹ rọra, kò tíì ṣe irú ẹ̀ rí," bí ẹni pé àwa yòókù ń ṣe é lójoojúmọ́.

Dókítà ní kò sí májèlé kankan níbẹ̀, inú ológìnní ló dàrú nítorí oúnjẹ. Kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, omi nìkan, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, adìẹ bíbọ̀, kò ní iyọ̀, kò ní ata, kò ní epo, kí a máa fún un ní ìwọ̀nba. Mílíìkì ti parí. Inú ológìnní tó ti dàgbà kì í sábà gbà á. Bí kò bá dáwọ́ èébì dúró, kí a tètè gbé e padà wá.

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀.

"Adìẹ tí kò ní iyọ̀?" ni ìyá ọkọ mi wí. "Ṣé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n rán an lọ ni?"

Nígbà tí a jáde, a dúró lábẹ́ igi kan láti retí ọkọ̀. Ológìnní ti sùn sí ìyá ọkọ mi láyà. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi ń ṣe bí ẹni tó kórìíra rẹ̀ lójú wa, tó wá ń fi sàdíìnì bọ́ ọ lẹ́yìn wa.

"Bí ẹ bá ti jáde tán láàárọ̀," ó ní, "ilé á dákẹ́. Mo ní kí n jókòó síta, ẹni tó bá kí mi, mi ò gbọ́ ohun tó wí. Màá wá máa retí àwọn ọmọ yín. Bí wọ́n bá dé, mo ní ẹ káàbọ̀, wọ́n ní, 'Bonsoir, Mémé.' Mo ní kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n sá lọ ṣeré." Ó fi ìka pa etí ológìnní náà. "Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, òun a máa gbọ́. Òun nìkan ni kì í fi Faransé dá mi lóhùn."

Mo ti ń rẹ́rìn-ín kó tó parí gbólóhùn náà. Nígbà tó parí rẹ̀, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ ò sọ fún wa, mà."

"Kí ni kí n sọ? Pé mo ti di ọ̀rẹ́ nǹkan tí mo ní kí ẹ lé jáde?"

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sọ́ńdè, ìyá ọkọ mi bọ adìẹ náà kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ padà sílé, ebi ń pa á. Nígbà tí a wọlé, ó ti ṣí ìkòkò, ó ti wà lórí itan adìẹ.

"Màmá," ó ní, "ẹ má bínú o, ọwọ́ yín ti yí padà. Ẹ gbàgbé iyọ̀."

"Mi ò gbàgbé. Ti ológìnní ni."

Ó dúró pẹ̀lú eegun lẹ́nu. "Ológìnní ń jẹ adìẹ, kí ni èmi ń jẹ?"

"Iṣu wà níbẹ̀. Inú tìẹ kò dàrú."

Ó wò mí kí n gbà á sílẹ̀. Èmi kò tíì bẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀ràn sàdíìnì, mo sì rò pé ọjọ́ yẹn kọ́ ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀. Mo lọ bu iṣu fún un.

Ológìnní gbádùn. Ìgbẹ́ rẹ̀ le, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí tíṣà. Nítorí pé kò rí sàdíìnì mọ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi pàṣẹ pé Yorùbá ni kí àwọn ọmọ máa bá ìyá àgbà wọn sọ. Ọmọbìnrin wa gbìyànjú. Ó fẹ́ tọrọ owó súìtì, ó ní, "Mémé, ẹ fún mi ní ọwọ́." Ìyá ọkọ mi na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà dì í mú, ó dúró, kò mọ ohun tó máa fi ṣe.

Ní ti èmi, mo ní kí ìyá ọkọ mi máa bá mi lọ sí Treichville. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó jókòó lẹ́yìn mi, ó ń to bọ́tìnnì tó jọra pọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka kelen, fila, saba, ìyẹn ení, èjì, ẹ̀ta, ní èdè Jula, ó ń fi bá àwọn oníbàárà nájà bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń ta aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa ń yà kí i láràárọ̀, wọ́n ń jókòó pẹ́. Bí mo bá lọ jẹun tí mo sì pẹ́ kí n tó padà, màá bá a lórí àga mi, tó ti ta sípù tí mo ti ń bẹ èèyàn kó rà láti oṣù tó kọjá. Nígbà tí àkókò tó dá láti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó, ọkọ mi bi í pé ọjọ́ wo ni kí òun lọ bá a gba àyè nínú ọkọ̀. Ó ní kó fara balẹ̀ ná, pé ọjà ti ń yá.